Hítà Ojú-Ẹsẹ̀ Kọ́ Ni Ilé Wa Nílò

Ní ìparí oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ti gbé inú ilé yìí rí, tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, fi owó ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ká fi ra hítà, ká yéé gbé ìkòkò omi lé orí gáàsì ní ìdájí. Wọ́n tiẹ̀ sọ irú èyí tí ká rà: èyí tí kò ní táǹkì, tí omi tútù máa gba apá kan wọlé, tó máa gba apá kejì jáde ní gbígbóná lójú ẹsẹ̀. "Irú ẹ̀ la ń lò níbí," báyìí ni wọ́n wí nínú ohùn tí wọ́n ká ránṣẹ́. Àwa mẹ́fà tí a ń gbé ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jó bọ́ sí títì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ kú ìnáwó wa o.

Ṣùgbọ́n a ò ra á. Ẹ má tíì pè wá ní aláìmoore. Alẹ́ mẹ́ta la fi jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. A ṣe ìṣirò, a pe oníṣẹ́ iná, a jà díẹ̀. Ibi tí a gúnlẹ̀ sí ni pé hítà ìgbàlódé yìí kò bá irú ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé mu. Hítà onítáǹkì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ayé ti kọjá rẹ̀, ló bá a mu. À ń kọ ọ́ síbí nítorí pé ilé akẹ́kọ̀ọ́ méjì ládùúgbò wa ló ti ń dá owó jọ láti ra ti ojú-ẹsẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Ilé ilẹ̀ ni ilé wa, ní Ìbàdàn, yàrá mẹ́ta, balùwẹ̀ kan. A ní kẹ́tù kan tí kò gbà tó lítà méjì. A ní gáàsì tí a fi ń dáná. A sì ní rìngì. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ rìngì, irin roboto tí a ń tì bọ inú garawa omi tí a óò sì máa gbàdúrà. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ti ọwọ́ bọ omi láti wò bóyá ó ti gbóná, kò sì tíì yọ wáyà kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná gbé e. Ọlọ́run yọ ọ́, ó kàn fi ẹ̀yìn lu ilẹ̀kùn ni. Láti ọjọ́ náà, a kì í fọwọ́ kan rìngì yẹn àfi bí gáàsì bá tán pátápátá.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ afẹ́ ni pé ọ̀kan nínú wa jẹ́ SS. (Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́, ká ṣáà má dárúkọ òun.) Ẹni tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde mọ̀ pé òtútù wà lára ohun tó lè gbé ìrora dìde: iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé á há sójú ọ̀nà. Fún un, omi tútù ní ìdájí oṣù Kejìlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ṣe ọkàn akin." Nínú ọyẹ́ èṣí, ó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ìdánwò méjì sì lọ bẹ́ẹ̀. A ò lè búra pé omi ló fà á. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, gáàsì ti tán, iná ò sí, omi tútù ló fi wẹ̀, gbogbo wa ló sì wà nílé tí a ń wò ó.

Nítorí náà, ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: èwo nínú hítà méjèèjì ló máa fún un ní omi gbígbóná ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, bí iná wà, bí iná ò sí?

Ibẹ̀ ni ti ojú-ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ já wa kulẹ̀. Àdúgbò wa kì í ṣe Band A. Òru ni iná sáábà máa ń wá, láti bí agogo mọ́kànlá sí bí agogo mẹ́rin, á sì lọ nígbà tí àwọn ènìyàn bá fẹ́ máa jí. Hítà tí kò ní táǹkì kò ní ibi tó máa kó ooru pamọ́ sí. Bí iná bá ti lọ, ó di ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Ẹnì kan dábàá jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tiwa kò lè gbé ju 800 wáàtì lọ, hítà náà sì ń bèèrè 5,500. A rẹ́rìn-ín, a kọjá lọ.

Ẹ wá wo ti onítáǹkì. Ká ní lítà 50 ni, èyí tí ń jẹ 1,500 wáàtì. Láti gbé lítà 50 omi láti 24°C dé 60°C, kílówáàtì-wákàtí 2.1 ló máa gbà, ìyẹn bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 24. Iná òru wa tó bẹ́ẹ̀, ó tún ṣẹ́kù. Bí iná bá wá lọ ní agogo mẹ́rin, fóòmù tí wọ́n fi wé inú táǹkì náà á di ooru mú. Ìyáàfin kan tó ń gbé òdìkejì wa ní irú rẹ̀. Wọ́n máa ń pa á ní ìdájí, wọ́n á sì tún fi omi rẹ̀ wẹ ọmọ ní alẹ́. Àwọn ènìyàn ń ra bátìrì ìnfátà olówó gọbọi kí iná òru lè di àárọ̀. Táǹkì yìí ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún omi ìwẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó ń pè é ní bátìrì ni.

Bí ẹ bá po omi 60°C yẹn mọ́ omi tútù títí ó fi di 40°C, èyí tó tó ara wẹ̀, lítà 50 lè di bíi 110. A ò retí gbogbo rẹ̀, nítorí bí omi gbígbóná ti ń jáde ni omi tútù ń wọlé rọ́pò rẹ̀. Ká ní 90 la rí. Ìyẹn lítà 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó dín díẹ̀ ní garawa kan. A ti fi èyí tó kéré sí i wẹ̀ rí, a sì lọ sí kíláàsì.

Ọmọ ọjà tó fẹ́ tà á fún wa ní Dùgbẹ̀ sọ pé ti ojú-ẹsẹ̀ kì í jẹ iná. Kì í ṣe irọ́ tán, kì í ṣe òótọ́ tán. Omi kò mọ ẹni tó ń sè é. Garawa lítà 20 láti 24°C dé 40°C máa gba nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 0.37, hítà yòówù kó jẹ́. Ká fi 225 náírà ṣírò, iye tí NERC gbé owó iná Band A sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 (ó ti yí padà láti ìgbà náà), bíi náírà 84 ni garawa kan. Ibi tí ti ojú-ẹsẹ̀ ti ń dín owó kù ni ilé tí táǹkì máa ń wà lórí iná látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ooru ń jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó ń wẹ̀. Nílé tiwa, kí aago méje tó lù, ènìyàn mẹ́fà á ti gbọ́n ọn gbẹ. Kí ló kù tó máa ṣòfò?

Ohun tí ọmọ ọjà náà ò sọ ni ọ̀rọ̀ iná tí kò lè gbé nǹkan. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, iná tó ń jẹ́ kí fáànù máa yí bí ẹni tó ń tòògbé. Tí fóltéèjì bá já láti 220 sí 160, kì í ṣe ìdá mẹ́rin agbára hítà ló máa lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, nítorí pé agbára irin tó ń gbóná ń tẹ̀ lé fóltéèjì lọ́nà méjì: fóltéèjì ìgbà fóltéèjì. Hítà 5,500 wáàtì á di bíi 2,900. Omi tó yẹ kó jáde ní 40°C á jáde ní bíi 32°C. Ẹni bá fi 32°C wẹ̀ nínú ọyẹ́, á gbọ̀n. Ìyà yìí kan onítáǹkì náà, ṣùgbọ́n ohun tó máa ṣe kò ju kó pẹ́ sí i, wákàtí méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ dípò wákàtí kan ààbọ̀. À ń sùn nígbà yẹn.

Oníṣẹ́ iná tí a pè wá ló sọ ti wáyà. Hítà 5,500 wáàtì ń fa áńpì 25. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kò ju áńpì 13 lọ. Wáyà 2.5 ló wà nínú ògiri wa. Hítà náà fẹ́ 4 tàbí 6, tirẹ̀ nìkan, láti bọ́ọ̀dù lọ tààrà, pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀. Ó tún ṣí bọ́ọ̀dù wò, ó mi orí. Wáyà tó yẹ kó gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ kò sí rárá. Látìgbà tí a ti ń gbé ilé yìí! Ìyẹn la máa kọ́kọ́ ṣe, hítà ì báà má tilẹ̀ wà.

Omi náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ hítà ojú-ẹsẹ̀ kì í tan àyàfi tí omi bá fi agbára wọ inú rẹ̀. Táǹkì omi wa lókè fi bíi mítà kan péré ga ju ṣáwà lọ. Mítà 10 ló ń jẹ́ báà 1, tiwa jẹ́ báà 0.1. Ní Lọ́ńdọ̀nù, omi ń ti abẹ́ títì wá pẹ̀lú agbára, ẹ̀rọ tó sì wọ́pọ̀ ní ilé wọn kì í fi iná mànàmáná gbóná omi, gáàsì ló ń jó, 24 kílówáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n kò purọ́ fún wa. Orúkọ ló jọra, ilé ò jọra.

Ẹnì kan ní ká ra onígáàsì nígbà náà. Ó wà lọ́jà, iná díẹ̀ ló sì ń jẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń jó gáàsì ń mú èéfín jáde, carbon monoxide inú rẹ̀ kò sì ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó ń pa ènìyàn bí ẹni tó sùn lọ. Fèrèsé balùwẹ̀ wa kò tóbi ju ìwé àjákọ lọ. A ò tilẹ̀ dìbò lórí ìyẹn.

Àwa méjì tí a dìbò fún ti ojú-ẹsẹ̀ ṣì ní ẹjọ́ tó dáa. Táǹkì tó kún wúwo, omi inú rẹ̀ nìkan jẹ́ kílò 50, ògiri ilé yìí sì ti dàgbà. Ó gbọ́dọ̀ ní fáfù tó ń tú agbára sílẹ̀ bí omi bá gbóná jù, àwọn tó ń so ó mọ́gi ò sì bìkítà fún fáfù. Bí a bá kó kúrò, onílé ló máa jogún rẹ̀. Ẹni kẹfà lórí ìlà náà á sì bá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán pàdé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn nìkan la ti rí ojútùú sí: ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ SS ló ń kọ́kọ́ wọ balùwẹ̀ láti oṣù tó ń bọ̀, àwa tó kù á máa gba ipò kẹfà yípo.

Bí ẹ bá ń gbé ibi tí iná ti ń dúró fún 20 wákàtí lóòótọ́, tí wáyà yín dáa, tí ẹ ò ju ẹni méjì lọ, ẹ ra ti ojú-ẹsẹ̀, ẹ má wo ojú wa. Ṣùgbọ́n bí iná yín bá jẹ́ iná òru bíi tiwa, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó máa ṣí bọ́ọ̀dù yín wò.

Ní tiwa, oníṣẹ́ iná ń bọ̀ ní Sátidé láti ri irin mọ́lẹ̀. Fìláàsì ńlá méjì ti wà nílé, nítorí òru tí iná ò bá wá rárá. Bàbá onílé ò tíì fèsì lórí ọ̀rọ̀ ògiri, a ti lọ kí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n, owó tó kù wà ní ọwọ́ akápò, gbogbo rìsíìtì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.