Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Àwa ará Kuje ní Amúwó mọ ìró tírélà tí ń ti èbúté Tin Can bọ̀. Kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni ẹrù tí ó bá yẹ̀ ń pa: ní ọjọ́ 29 oṣù January, 2023, kọ̀ńténà já bọ́ lu bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gbá, ènìyàn 9 sì kú.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ ka ara táyà kí ẹ tó rà á. Ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé wà níbẹ̀. Bí òǹkà ìkẹyìn àmì DOT bá jẹ́ 2219, ọ̀sẹ̀ 22 ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn a máa tẹ̀, a máa gbóná, a sì bẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹ́rù, ẹ má bẹ awakọ̀ pé kí ó fi díẹ̀ kún un. Owó ìrìn kejì ṣe é san. Ẹ̀mí kò ṣe é rà.