Ikán ló jẹ ẹ́, kì í ṣe èmi

Olóòtú,

Ẹni tó bá ti lọ gba fọ́ọ̀mù láti gboyè kún oyè rí, kò ní béèrè ohun tó ń bí mi nínú.

Mo ní LL.B., mo ti Law School jáde, mo tún gba LL.M. lé e. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń rojọ́ ní kóòtù Ìkirè. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gbé fáìlì mi lọ sí yunifásítì kan tí n kò ní í dárúkọ, Ph.D. ni mo ń wá. Máàkì LL.M. mi lé ní 60, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè kéèyàn tó lè fo M.Phil. Àbá ìwádìí mi lórí ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí wà níbẹ̀, transcript ti dé ṣáájú mi. Akọ̀wé ojú wíńdò kò ka ìkankan. Ó ń ṣí i lọ, ó ń ṣí i lọ, àfi ìgbà tó dé orí WAEC.

Ikán ti wọnú àpótí bàbá mi ní Apòmù. Níbi Literature, wọ́n jẹ nọ́ńbà, wọ́n ṣẹ́ C kù. Akọ̀wé náà fi èékánná tọ́ ihò yẹn.

"Ọ̀gá lọ́yà, C mélòó nìyí?"

Mo ní C4 ni.

"Mi ò rí 4 níbẹ̀ o, sà."

Mo ní ká gbà pé kì í ṣe 4. C4, C5, C6, èwo ni kì í ṣe kírẹ́díìtì níbẹ̀? Ṣé ó rí C7 rí ni? Ó wò mí bí ẹni tó mú gbájúẹ̀, ó ní kí n lọ gba ẹ̀rí wá lọ́dọ̀ WAEC, ó sì ti fáìlì mi jáde. Bí mi ò bá ní kírẹ́díìtì yẹn, ta ni ì bá jẹ́ kí n fi ọdún márùn-ún kọ́ òfin?

Bí mo ṣe ń bọ̀, kòtò ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ bẹ́ táyà mi. Àwọn tó ń ta dòdò ní Ìkirè ló bá mi wá fọkanáísà. Mo ra dòdò jẹ, ata rẹ̀ kò ta mí tó ọ̀rọ̀ akọ̀wé. Ká ní òfin wà nítòsí, n kì bá tí rin ọ̀nà yẹn. Ọgbà UNIOSUN sì wà ní Ìkirè níbẹ̀ o! Èdè àti àṣà ni wọ́n kó wá síbẹ̀, wọ́n gbé òfin lọ sí Ìfẹ́tẹ̀dó. Àwa tí ìjà ọjà Apòmù wa dá ogun Òwu sílẹ̀ ní bí 200 ọdún sẹ́yìn, ṣé ẹjọ́ ló wọ́n wa ni?

Kí NUC pàṣẹ kíá: ẹni tó bá ti di lọ́yà, wọn kò gbọdọ̀ béèrè ìwé kankan mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ìwé ọjọ́ ìbí. Èyí tó bá sì béèrè, kí wọ́n ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa.

Mo fi ẹ̀dà WAEC náà sínú lẹ́tà yìí. Ẹ bá mi wo C yẹn.

Èmi ni,
Lọ́yà kan, Apòmù