Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Lẹ Eyín Mọ́ Erìgì Yín

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀yin èèyàn wa létí omi ní Ìwópin, Ìbíadé àti Mákùn-Omi, mo bẹ̀ yín. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá ká, kó má jókòó síwájú ẹni tó ń po ìyẹ̀fun mọ́ omi tí òórùn rẹ̀ le nímú, tó wá ń mọ ọ́n mọ́ erìgì bí eyín. Àwọn aláìníwèé-àṣẹ yìí pọ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n á ní kò ní pẹ́, kò sì ní dunni. Ohun tí wọ́n pò á gbóná lẹ́nu, á gan mọ́ eyín ọ̀tún àti tòsì, kò sì ní ṣeé yọ fọ̀ mọ́. Oúnjẹ á máa há sábẹ́ rẹ̀, erìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, títí eyín tí kò ṣe nǹkan kan á fi máa mì. Ẹni tó wá tìtorí eyín kan lè pàdánù mẹ́ta.

Èyí tí ojú kò rí ló burú jù. Gbòǹgbò eyín ló ń mú kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúró. Bí eyín bá ti kúrò, egungun ibẹ̀ á máa tínrín. Láàárín ọdún 1, ìbú rẹ̀ lè dín tó ìdajì, oṣù 3 àkọ́kọ́ ló sì ń yára jù. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín yín gan-an ni kí ẹ ti bi dókítà léèrè bóyá ó yẹ kó fi egungun dí ihò náà.

Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ eyín onírin, ìyẹn irin titanium tí wọ́n ń gbìn sínú egungun, tí dókítà kan tó ń jẹ́ Brånemark kọ́kọ́ ṣe fún èèyàn ní Sweden lọ́dún 1965, ni wọ́n ń sọ fún pé egungun wọn kò tó. Ọ̀nà ṣì wà. Dókítà á la erìgì, á kó egungun wẹ́wẹ́ bíi gàrí síbẹ̀, á fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, á wá rán an. Egungun náà lè wá láti àgbọ̀n tàbí ìbàdí ẹni náà fúnra rẹ̀, lára ẹni tó ti kú tó fi ara rẹ̀ tọrẹ, lára màlúù, tàbí kí wọ́n ṣe é nílé iṣẹ́. Òmíràn nínú awọ náà, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti mú un, nítorí náà, kí Mùsùlùmí béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, oṣù 4 sí 6 ni wọ́n sábà ń dúró, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí egungun tuntun tó lè gba irin. Ẹni tó bá fẹ́ gún irin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín láìya fọ́tò egungun náà wò, ẹ dìde lórí àga rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí wọ́n, n kò ní parọ́ fún yín. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kó ní kí dókítà wọn ẹnu òun fún eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ fọ̀. Ó sàn fíìfíì ju èyí tí wọ́n lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì OOU ní Àgọ́-Ìwòyè, bí ọ̀kadà bá gbé yín ṣubú, tí eyín iwájú sì jáde lódidi, orí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Ẹ fi sínú mílíìkì tútù, kí ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín kí wákàtí 1 tó pé.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn láti etí omi. Síbẹ̀, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú yín níbòmíràn, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ ọdún yìí láti MDCN, àjọ tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ, hàn yín. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, bí ẹ bá ń mu sìgá, tàbí bí ẹ bá ti lo oògùn egungun tàbí ti jẹjẹrẹ rí, torí wọ́n lè mú kí ojú egbò má jinná.

Ẹni tí wọ́n ti lẹ eyín fún, kó má fi ọ̀bẹ yọ ọ́ nílé. Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ibà dé, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì tàbí tí èémí ń há, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà, kì í ṣe kẹ́mísì.