Ẹ̀fẹ̀ Kọ́ Nìyẹn: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wa Ṣiṣẹ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ tilẹ̀ ní kí a má kọ ọ́. A ó kọ ọ́.

Púpọ̀ nínú yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọmọkùnrin tó gbá góòlù méjì wọlé ń bọ̀ láti orí pápá, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀, inú gbogbo wa ń dùn. Ọmọbìnrin tó ń bá rédíò ṣiṣẹ́ sún mọ́ ọn, ó na mikiró sí i, ó bi í léèrè bí wọ́n ṣe ṣe é tí wọ́n fi borí. Ìbéèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dípò kí ó dáhùn, ọmọkùnrin náà fi apá kọ́ ọ lọ́rùn, ó fà á mọ́ra, ó ní kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu ko òun lẹ́nu kí òun tó sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà ń tì í dànù, ó ń rín ẹ̀rín tí kì í ṣe ẹ̀rín, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ lórí rédíò. Àwọn tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà pàtẹ́wọ́. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí náà wà lábẹ́ àtíbàbà. Àwa náà pàtẹ́wọ́. A jẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin yẹn kò wá sí pápá mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá fẹjọ́ sùn, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé: “Ìyá, ẹ̀fẹ̀ ni. Ọmọ ilé ni. Inú rẹ̀ ló dùn.” Wọ́n rọra sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nísinsìnyí, a gbọ́ pé wọ́n ti ra aṣọ tí wọ́n máa fi dá ọmọkùnrin náà lọ́lá níbi ìpàdé ọdún. Aṣọ yìí ló jẹ́ ká mú kálámù.

Ẹ̀fẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ kọ́ ará Kétu? Ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Ẹ rántí bí òru Ẹ̀fẹ̀ ṣe ń rí. Kí Ẹ̀fẹ̀ tó la ẹnu sọ ohunkóhun, ó ti júbà àwọn ìyá. Lẹ́yìn ìjúbà ló tó ń fi orin bú olè, tó ń bú òpùrọ́, tó ń bú ẹni tó jẹ owó ìlú. Ẹni tó ṣẹ̀ ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà wo ni ẹ rí Ẹ̀fẹ̀ tó jáde lóru láti fi ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín? Ọkùnrin wa ń so ọmú igi mọ́ àyà, wọ́n ń jó bí obìnrin kí inú àwọn ìyá lè rọ̀, ká tó wá jí lọ sí pápá lọ́jọ́ kejì ká fún ọmọ àwọn ìyá kan náà lọ́rùn. Bí Ẹ̀fẹ̀ bá kọrin nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mọ ẹni tí orin náà máa bá wí. Ó sì lè bá àwa tó pàtẹ́wọ́ wí pẹ̀lú.

Wọ́n tún ní àwọn òyìnbó ló gbé irú ẹjọ́ yìí wá fún wa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ̀dọ̀ òyìnbó ọ̀hún. Ní 29 oṣù Karùn-ún 2017, ní ìdíje tẹ́níìsì Roland-Garros ní Paris, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Maxime Hamou, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, fìdí rẹmi ní ìpele àkọ́kọ́. Maly Thomas, oníròyìn Eurosport, wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, àwọn ènìyàn sì ń wò ó lọ́wọ́lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Hamou fi apá kọ́ ọ lọ́rùn, ó ń fi ẹnu kò ó, ó yí ojú kúrò, ó tún kò ó. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní sítúdíò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i? Paris ni o, àtíbàbà tiwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì: àwọn tó ni ìdíje gba káàdì ìwọlé lọ́wọ́ Hamou, wọ́n lé e jáde. Ó sì tọrọ àforíjì ní gbangba.

Maly Thomas sọ lẹ́yìn náà pé bí kì í bá ṣe pé orí afẹ́fẹ́ ni òun wà, òun ì bá ti gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin bàbá wa, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan ń bi wá pé, “Kí ló dé tí kò sá? Kí ló dé tí kò pariwo?” Ẹ wo obìnrin tó ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò. Bí ẹnì kan bá dì í mú lọ́nà, kí ló máa ṣe? Bó bá jà, omi á dà, ìkòkò á fọ́. Bó bá dúró, wọ́n á ní ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mikiró yẹn ni ìkòkò rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ń gbọ́, ìlú ń gbọ́, àwọn tó ní obìnrin kò lè ṣiṣẹ́ yìí ń retí kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó dúró nítorí iṣẹ́. A wá pe ìdúró rẹ̀ ní ìfẹ́.

Ẹlòmíràn á ní, “Ṣé ọkùnrin ò gbọdọ̀ dẹnu kọ obìnrin mọ́ ni?” Ní oṣù Kìíní 2016, ní ìlú Hobart ní Ọsirélíà, Chris Gayle, akọni kíríkẹ́ẹ̀tì láti Jàmáíkà, ṣe irú rẹ̀. Mel McLaughlin bi í ní ìbéèrè nípa eré rẹ̀, ó ní ojú oníròyìn náà wu òun, kí wọ́n jọ lọ mu nǹkan, kí ó má sì wulẹ̀ tijú. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Melbourne Renegades, bu owó ìtanràn lé e: 10,000 dọ́là Ọsirélíà. Àwa kò ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin má wá aya. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, alárinà ńkọ́? Ìtọrọ ńkọ́? Ta ni bàbá rẹ̀ wá aya lójú gbogbo ọjà, lọ́wọ́ ẹni tí kò lè dáhùn “rárá” kí iṣẹ́ rẹ̀ má bàjẹ́?

Ti pé obìnrin kò mọ bọ́ọ̀lù, a kò ní fi àsìkò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Cam Newton náà rẹ́rìn-ín ní Amẹ́ríkà ní 2017 nígbà tí Jourdan Rodrigue bi í ní ìbéèrè tó jinlẹ̀ nípa eré, ó ní ó pa òun lẹ́rìn-ín pé obìnrin ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń sanwó fún un láti polówó yáọ́ọ̀tì já a sílẹ̀. Ọmọbìnrin tiwa mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún tó wà lórí pápá lọ́jọ́ náà. A kò mọ iye ọmọ ìgbìmọ̀ tó lè ka mẹ́wàá nínú wọn.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni ti Lisa Olson. Oṣù Kẹsàn-án 1990 ni, ó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn Boston Herald. Nínú yàrá ìmúra ẹgbẹ́ New England Patriots, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan wá dúró tì í ní ìhòòhò, wọ́n ń sọ ìsọkúsọ sí i nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Àjọ tó ń darí eré náà ṣe ìwádìí, wọ́n bu owó ìtanràn lé agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta àti ẹgbẹ́ náà. Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Kò parí. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kọjú ìjà sí obìnrin náà, wọ́n ń bú u, wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn, títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ọsirélíà. Àwọn tó ṣẹ̀ é ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló kúrò nílùú. Ẹ fi wé tiwa, kí ẹ sọ fún wa bóyá kò jọra.

A mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ pé kí ló wá lọ sí yàrá ọkùnrin. Ó tọ́ kí a dáhùn. Ibẹ̀ ni àwọn oníròyìn ọkùnrin ti ń gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ. Ní 1978, adájọ́ Constance Baker Motley dá Melissa Ludtke láre ní New York pé kò tọ́ kí wọ́n ti obìnrin síta níbi tí wọ́n ń jẹ́ kí ọkùnrin wọlé ṣe iṣẹ́ kan náà. Aṣọ ìnura kan tó láti bo ìhòòhò. Ẹ má sì gbàgbé pé tiwa kò ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kankan. Orí pápá ni, lọ́sàn-án gangan, lójú àwọn ìjòyè.

Ní Brazil, níbi tí wọ́n kó àwọn ará wa lọ, tí àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá, àwọn oníròyìn obìnrin kó ara wọn jọ ní oṣù Kẹta 2018. Orúkọ tí wọ́n fún ìpolongo wọn kò ju pé: ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Àwa kò ní oníròyìn kì í ṣẹ̀ o. Agbábọ́ọ̀lù lè ní òun kò ní sọ̀rọ̀. Ó lè ní ìbéèrè náà kò dára, kó bá tirẹ̀ lọ. Oníròyìn tó ń gba owó lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù láti fi yìn ín, ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ lé e. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀.

Ìjọba ti ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin 2021-11, ti 20 oṣù Kejìlá 2021, gbé ẹjọ́ ìfòòró àti ìwà ipá sí obìnrin ní Bẹ̀nẹ̀ lọ sí iwájú CRIET. Ẹ̀yin ìjòyè, ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ kí ọmọ yín ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ilé ò kọ́ ọ? Ó ṣì kéré, ó lẹ́bùn, àwa náà fẹ́ràn rẹ̀. Kí ó tẹ̀lé àwọn òbí rẹ̀ lọ sí ilé ọmọbìnrin náà. Kí ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò tí gbogbo ìlú ti gbọ́ ọ. Àwa tó pàtẹ́wọ́ á ṣáájú lọ, a ti rán ẹni sí ìyá rẹ̀ láti béèrè ọjọ́ tó rọrùn fún un. Kí ìgbìmọ̀ sì yan ẹni tí yóò máa dúró ti àwọn oníròyìn ní gbogbo ìdíje wa láti ìsinsìnyí lọ.

Ìpàdé ọdún wà ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Aṣọ náà wà lọ́wọ́ akápò. Ẹ bá wa sọ fún un kó dá a padà sínú àpótí ná.