Rẹ́mọ Gba Ife, Ṣùgbọ́n Ẹran Kò Wọ Ìkòkò

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti ṣí ojú ewé yìí, ọ̀rọ̀ ilé ni ẹ máa ń retí: ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́, ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ. Ẹ má bínú bí mo bá fi bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ilé náà ni mo ń lọ. Orí pápá ni mo gbà kọjá.

Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí Ìperu tí à ń gbé. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa, kí òun àti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kí ara wọn tán, ó ti dé ibẹ̀. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars tilẹ̀ fi Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ibùjókòó, gbogbo wa ni a ni wọ́n, ará Ṣágámù, ará Ìlíṣàn, ará Ògèrè, ará Òde-Rẹ́mọ. Bí wọ́n bá ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ojú sánmà wọn jáde, kò sí ẹni tí ń béèrè ìlú tí ẹnì kejì rẹ̀ ti wá.

Fún ẹ̀yin ìyá tí ẹ kì í tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ogún ẹgbẹ́ ni ó ń díje nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò bá ẹgbẹ́ mọ́kàndínlógún yòókù gbá lẹ́ẹ̀mejì méjì, lẹ́ẹ̀kan nílé, lẹ́ẹ̀kan ní ìdálẹ̀. Eré 38 nìyẹn. Ẹni tí ó bá borí gba àmì mẹ́ta. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò pín. Ẹni tí wọ́n bá nà lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Kì í ṣe eré ọjọ́ kan rárá. Òjò ọdún 2024 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọyẹ́ dé bá wọn lórí pápá, ààwẹ̀ Ràmádáànì dé bá wọn, òjò ọdún 2025 sì tún bá wọn níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ yìí ti gòkè wá sínú líìgì àgbà rí, ó sì ti jábọ́ rí. Ní ọdún 2021 ni ó tún gòkè padà. Ní ìparí eré 2021/2022, ipò kẹta ni ó ṣe. Ní 2022/2023, ó ṣe ipò kejì, Enyimba ti Abá ni ó gba ife. Ní 2023/2024, ó tún ṣe ipò kejì, Rangers ti Enúgu ni ó gbà á. Ẹ wo bí irú èyí ti máa ń dunni tó: kí ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlòmíràn sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ti ń sọ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ọmọ Rẹ́mọ mọ̀, wọn kò mọ ọ̀nà yàrá.

Ṣùgbọ́n wọn kò tú ká, wọn kò sì sáré wá ọ̀nà àbùjá. Kóòṣì wọn, Daniel Ogunmodede, àti balógun wọn, Nduka Junior, tún kó àwọn ẹgbẹ́ wọn jọ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Nígbà tí a fi ń gba ààwẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn ni wọ́n wà níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kẹrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Niger Tornadoes ti Mínà wá bá wọn ní Ìkẹ́nnẹ́. Oókan sí òdo ni Rẹ́mọ fi borí. Eré mẹ́ta ṣì kù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti parí: bí ẹni tí ó tẹ̀lé wọn tilẹ̀ borí nínú gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò lè bá wọn mọ́. Láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gba ife yìí ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ kankan láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù kò tún gbé e wálé. Ọdún 25 gbáko!

Èmi náà wà níbẹ̀. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mo rí àwọn àgbà tí ó jù mí lọ tí wọ́n ń fò sókè bí ọmọ ilé-kéwú tí ó ṣe wòlímọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ nínú ayé ẹni, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Mo wọlé lẹ́yìn ìrun Mágàríbà, mo sì bá ìyá àwọn ọmọ mi tí ó jókòó níwájú ààrò tí kò dá iná. Ẹran wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹran tútù, ẹran gidi. Ọmọ wa ọkùnrin, tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ojú sílẹ̀.

Mo ní, “Ìyá wọn, kí ló dé?”

Ó ní, “Bàbá wọn, ẹ bi ọmọ yín léèrè ibi tí ó ti rí owó ẹran.”

Ọmọ náà kò purọ́. Ó ní àwọn mẹ́jọ ni wọ́n kó owó jọ ní kíláàsì, ọgọ́rùn-ún márùn-ún náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó tí wọ́n fi ń jẹun nílé-ìwé. Olúkúlùkù sọ iye góòlù tí yóò wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá bá a mu ni yóò kó gbogbo rẹ̀. Òun nìkan ni ó sọ pé oókan sí òdo. Ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Ó fi ẹgbẹ̀rún méjì àti ọgọ́rùn-ún márùn-ún ra ẹran fún ìyá rẹ̀, pé kí àwa náà fi ṣe ìdùnnú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Ká ní ó pàdánù ni, bóyá a kò ní mọ̀ láéláé. Jíjẹ tí ó jẹ ni ó tú u fó. Kò sì jẹ ẹ́ nìkan. Ó rántí ìyá rẹ̀. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún mi. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò pa ohùn dà. Ó ní ìkòkò tí òun fi se sààrì ní oṣù tí ó kọjá, òun kò ní fi se owó tẹ́tẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ láìsí ẹran ni a jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo pe ọmọ náà wá sí yàrá mi. Mo rán an létí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé-kéwú, pé nínú Súrátùl Máídà, Ọlọ́run kó ọtí àti tẹ́tẹ́ pọ̀ sí ojú kan náà, Ó sì ní kí á jìnnà sí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó gún mi.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin náà lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ẹ sì yọ̀. Ṣebí ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ náà ń ṣe?”

Òótọ́ ni ọmọ sọ. Kì í ṣe ìjọba ni ó ni Remo Stars, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ nínú líìgì wa. Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Soname ni ó ni ín, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ó wà lára àwọn tí ó dá Bet9ja sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí bọ́ọ̀lù tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba. Kì í ṣe òun ni olówó àkọ́kọ́ tí yóò ná owó sórí bọ́ọ̀lù ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ olóògbé Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, tí ó gba ife Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Kí ni kí n sọ?

Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí àgbà tí ó bá sáré dá ọmọ lóhùn lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìbínú ni yóò fi dáhùn. Mo wá wí fún un pé ìṣírò iṣẹ́ ẹlòmíràn kò sí lọ́wọ́ mi. Àwọn máláíkà tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò béèrè olùrànlọ́wọ́. Ohun tí wọn yóò bi mí ni ohun tí ó wọ ilé mi àti ohun tí àwọn ọmọ mi jẹ. Mo sì jẹ́wọ́ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwúwo, àti pé láti òní lọ, ẹ̀wù tí wọ́n bá kọ orúkọ ilé tẹ́tẹ́ sí láyà, ìbáà ṣe ti Rẹ́mọ, ìbáà ṣe ti ìlú òyìnbó, kò ní wọ ilé mi. Ó dùn ún, nítorí ó ti ń bẹ̀ mí fún ọ̀kan. Àwọn òyìnbó pàápàá ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò dára: ní ọdún 2023, àwọn ẹgbẹ́ líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan pé bí eré 2025/2026 bá ti parí, àwọn yóò yọ orúkọ ilé tẹ́tẹ́ kúrò ní àyà ẹ̀wù wọn.

Lẹ́yìn èyí ni mo bi í pé, “Ta ni ó gba ife yìí? Ṣé ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́ ni, àbí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù?” Mo ní kí ó ka ipò wọn fún mi. Ó kà á: ẹ̀kẹta, èkejì, èkejì, èkíní. Mo ní, “Ṣé o rí i? Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi gun àkàbà yìí. Ta ni nínú àwọn onítẹ́tẹ́ tí ó lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀? Bí ó bá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, yóò pààrọ̀ nọ́ńbà. Bí ó bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò lọ yá owó. Ìwọ sọ oókan sí òdo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bọ́ sí i. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn jí láàárọ̀ lójoojúmọ́ láti mú kí oókan sí òdo náà ṣẹlẹ̀. Tìrẹ kọ́ ni iṣẹ́ náà, báwo ni èrè rẹ̀ yóò ṣe jẹ́ tìrẹ?”

Lẹ́yìn ìrun Sùbúhì ọjọ́ kejì, mo mú un lọ bá ààfáà wa. Ààfáà ní owó tí a bá mọ ẹni tí ó ni ín, kí a dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Ẹran ńkọ́? Ó ní kí a fún aláìní, ṣùgbọ́n kí a má retí láádá lórí rẹ̀ bí ẹni pé sàárà ni a ṣe.

Ìṣirò náà kò pọ̀. Ọgọ́rùn-ún márùn-ún tirẹ̀ nínú owó náà, tirẹ̀ ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ọgọ́rùn-ún márùn-ún ni ti àwọn méje yòókù. Ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún márùn-ún ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yá a ní ẹgbẹ̀rún méjì, ó sì fi ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì ro oko ẹ̀gẹ́ mi láti san án.

Ó ru ìtìjú náà lọ sí ilé-ìwé. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè é ní lémọ́mù kíláàsì. Ọ̀kan kò gbà á, ó ní ohun tí òun ti pàdánù kì í padà bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ọmọ mi fi í sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní ṣẹ́ńjì owó oògùn ìyá-àgbà òun ni òun fi ta tẹ́tẹ́ náà, àti pé láti ìgbà náà ni òun ti ń sá fún ojú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi dé ilé, ohun kan ṣoṣo tí ó sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé, “Màmá, owó oògùn ni mo fẹ́ kí ẹ sè.” Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra. N kò tún fi ọ̀rọ̀ kún un.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife ní Áfíríkà, Mamelodi Sundowns ti Gúúsù Áfíríkà wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì na Rẹ́mọ wa ní márùn-ún sí ọ̀kan. Èmi àti ọmọ mi jọ wò ó ni. Ó dùn wá, a mí kanlẹ̀, a sì dìde lọ kírun. Kò sí owó ẹnikẹ́ni tí ó bá eré náà lọ. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé báyìí ni ó yẹ kí bọ́ọ̀lù rí: bí wọ́n bá borí kí a yọ̀, bí wọ́n bá nà wọ́n kí ó dùn wá, kí oúnjẹ ilé sì wà bí ó ti wà.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má lé àwọn ọmọ yín kúrò nídìí bọ́ọ̀lù. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ máa wò ó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá gbé ẹ̀bùn wálé, ẹ bi í léèrè orísun rẹ̀ kí ẹ tó dúpẹ́, pàápàá nísinsìnyí tí tẹ́tẹ́ ti wà nínú fóònù, tí ọmọ lè ta á lórí ibùsùn rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Bí ó bá sì bi yín ní ìbéèrè tí ó gún yín, ẹ má fi igi dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́run Allah bá wa ṣọ́ ohun tí ń wọ inú ìkòkò wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ó bá fẹ́.