Géèmù òwò fáwọn ọmọ wa ní Dubai: ta ló máa kọ ọ́, ta ló máa ni ín?



Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọba Dubai gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Dubai Program for Gaming 2033. Wọ́n fẹ́ kí Dubai wà lára ìlú mẹ́wàá tó gba iwájú nídìí géèmù lágbàáyé, kí iṣẹ́ tuntun 30,000 sì jáde níbẹ̀ kó tó di 2033. Òbí mìíràn á ní géèmù ló ń ba ọmọ jẹ́, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn lówò, òun la ó sọ̀rọ̀ lé.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1960 làwọn ará MIT ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Beer Game. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ta á, bí ẹni ta ayò, kò sí kọ̀ǹpútà ńbẹ̀. Ẹnì kan á jẹ́ ọlọ́jà kékeré, àwọn méjì á jẹ́ alágbàtà, ẹni ìkẹyìn á ni iléeṣẹ́. Nítorí pé ọjà tí wọ́n bá béèrè kì í tètè dé, bí oníbàárà bá fi díẹ̀ péré kún ohun tó ń rà, wàhálà ńlá ló máa bá ẹni tó wà lókè: ọjà á kọ́kọ́ wọ́n, lẹ́yìn náà á wá kún ilẹ̀.

Oníṣòwò tó ń ra ẹrù ní Deira, tó ń fi kọ̀ǹténà kó o gba Jebel Ali lọ sí Èkó, mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Kódà ní iye ti ìjọba, dọ́là tó jẹ́ bíi náírà 460 níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023 ti lé ní 1,500 nígbà tó di oṣù kejì 2024. Géèmù wo ló kọ́ ọmọ yín nìyẹn?

Èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ń tà fún yunifásítì, orí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà ń ka owó ẹ̀ lé, wọ́n sì ti kóòdù ẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ òfin ń yí padà: UAE bẹ̀rẹ̀ VAT ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2018, ní oṣù kẹfà 2023, owó orí ìdá 9 dé sórí èrè iléeṣẹ́ tó bá ju 375,000 dirham lọ. Bí tíṣà bá fẹ́ fi èyí sínú géèmù, àfi kó lọ bẹ ẹni tó ni ín. Tó bá jẹ́ open source, ìyẹn èyí tí kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba tí gbogbo ayé sì láṣẹ láti tún un ṣe, a lè fi dirham, náírà àti àjọ sí i, ká sì yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá.

Ó ṣeé ṣe. OpenTTD, géèmù òwò ọkọ̀ àti reluwé, ti wà láti 2004, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ló ń fi ọ̀fẹ́ tọ́jú ẹ̀. Àmọ́ ó di nǹkan bí 2010 kí èèyàn tó lè ta á láìgbára lé àwòrán àti ohùn géèmù àtijọ́ tí wọ́n wò ṣe é. Ẹ ò rí i pé kóòdù nìkan kọ́.

Lójú tèmi, kóòdù gan-an ò le. Ọmọ wa tó ń kàwé ní University City ní Sharjah lè kọ ọ́. Ìṣirò ló le: bí mo bá fowó lé ọjà, oníbàárà mélòó ló máa sá? Ẹni tó ti tajà rí ló mọ̀ ọ́n, òun àti akọ́kóòdù gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀. Kí wọ́n sì kó owó orí, owó ẹrù àti iye náírà sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí tíṣà tí ò mọ kóòdù lè ṣí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní pé ọdún méjì tí géèmù náà á fi di àpatì.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹgbẹ́ má ṣe gbé àpótí ìkówójọ kiri orí WhatsApp o. Òfin UAE ti 2021 ò gba ẹni tí ò níwèé àṣẹ láyè láti máa gba owó ìtọrẹ lọ́wọ́ aráàlú. Ọ̀nà Moodle ló wù mí. Martin Dougiamas ará Australia gbé e jáde ní 2002, ọ̀fẹ́ ni. Iléeṣẹ́ tó bá ń bá ilé-ẹ̀kọ́ tọ́jú ẹ̀ ló ń gbowó iṣẹ́, tó sì ń dá díẹ̀ padà fún àwọn tó ń kọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù, ẹ ta tiwa lórí tábìlì ná: ọ̀kan ní Deira, ọ̀kan ní Apapa, ọ̀kan ní ìsọ̀ Balógun, ọ̀kan kó máa pe iye dọ́là. Láti 2022 làwọn ilé-ẹ̀kọ́ Sharjah ti ń fún àwọn ọmọ nísinmi lọ́jọ́ Ẹtì, àkókò wà.