Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ànàgó ní Bouaké Kọ́ Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Òǹkà

Àwa Yorùbá tí a tẹ̀dó sí Bouaké ní Côte d'Ivoire, tí àwọn onílé ń pè ní Ànàgó, ìbáà ṣe ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògìyán, ni wá tàbí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, òwò ni a fi dá wa mọ̀, n kò sì bá òwò jà. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ọ̀dọ́ wa tí ń tún fóònù àti àtùpà oòrùn ṣe mọ bí a ti ń pààrọ̀ ẹ̀yà tó bàjẹ́, kò mọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe.

Ẹ wo aago ọwọ́ tí bátìrì pẹlẹbẹ kan ń gbé rìn fún nǹkan bí ọdún méjì. Òkúta quartz inú rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan; òǹkà onípele 15 ni ó ń gbà á, tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́ iye tí a fi lé e lọ́wọ́ sí méjì, títí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo tí yóò sún ọwọ́ aago. Láti ìgbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ Frank Wanlass ti gbé CMOS, ọ̀nà kan tí a fi ń ṣe irú òǹkà bẹ́ẹ̀, kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963, ìpele tó bá dúró jẹ́ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ iná rárá, àfi nígbà tó bá ń yí padà. Ìpele kejì ń ṣe ìdajì iṣẹ́ ti èkíní, ẹ̀kẹta ń ṣe ìdámẹ́rin, tó fi jẹ́ pé àpapọ̀ làálàá gbogbo wọn kò tó ìlọ́po méjì ti èkíní nìkan. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí a bá sì tún dín fólítì kù sí ìdajì, iná tí yíyípadà ń jẹ yóò wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ètò ìṣírò òǹkà yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Òdo àti ení péré ni òǹkà náà mọ̀, gẹ́gẹ́ bí babaláwo ti ń tẹ ẹyọ kan tàbí méjì lórí ọpọ́n: àmì mẹ́rin bí Ojú Odù 16, àmì mẹ́jọ bí odù 256, iye náà gan-an tí ìpele òǹkà (flip-flop) mẹ́rin àti mẹ́jọ lè kà. Ìran tó ti ń ṣírò báyìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn agbo.

Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 fi hàn wá ní Bouaké pé ọjà lè tú. Ìmọ̀ tó wà lórí ẹni, ogun kì í kó o. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa pé kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìdáwó fún tábìlì ìkọ́ṣẹ́ kan. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò wọ́n: chip CD4060 jẹ́ òǹkà onípele 14, ọmọ tó bá so ó mọ́ òkúta quartz aago yóò rí i pé ó ń lù lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìpele kan ṣoṣo ló kù kí ó tó di ẹ̀ẹ̀kan, kí a sì jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó.